Pílì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè

Ní ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfurufú Cadjèhoun, ní Cotonou, àwọn tó ń ta ohun èlò kéékèèké máa ń pàtẹ sórí tábìlì lẹ́bàá títì: ìbòrí fóònù, wáyà ìṣáàjì, abẹ́ ìfárí, àti tọ́ọ̀ṣì lóríṣiríṣi. Pupa wà níbẹ̀, dúdú wà níbẹ̀, aláwọ̀ fàdákà náà wà. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń bi olùtajà ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ló mọ́lẹ̀ jù?" Olùtajà á tẹ súìṣì, á tan ìmọ́lẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, owó á ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, ó parí. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ni irú pílì tó ń lò, àti ibi tí a ó ti rí òmíràn rà nígbà tí èyí bá kú. Tọ́ọ̀ṣì tí a kò bá rí pílì rẹ̀ rà ní àdúgbò wa, ẹrù lásán ni, ì báà mọ́lẹ̀ bí oòrùn ọ̀sán.

Iná mọ̀nàmọ́ná ti sàn ní Cotonou ju ti àtijọ́ lọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní ọdún 1968 ni ilẹ̀ wa, tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, àti Tógò jọ dá iléeṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná CEB sílẹ̀, ọjọ́ sì pẹ́ tí a fi ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú iná wa láti òde, láti ìsédò Akosombo ní Gánà àti láti Nàìjíríà. Nígbà tí omi Akosombo fà ní 1998, tó tún fà ní 2006 sí 2007, àwa náà jẹ nínú òkùnkùn rẹ̀. Ilé iná Maria-Gléta 2, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019 pẹ̀lú mẹ́gáwáàtì 127, mú ìyípadà gidi wá. Síbẹ̀ òjò oṣù Òkúdù ò mọ̀ pé iná ti sàn. Bó bá dé pẹ̀lú ìjì, wáyà á já, ọ̀nà á kún fún omi, ẹni tó bá sì ní láti jáde lóru nílò ohun tí yóò fi rí ibi tí kòtò wà.

Ọ̀rọ̀ epo kpayo, bẹntiróòlù ẹ̀bá títì, náà wà ńlẹ̀. Inú ìgò àti jẹ́ríkáànù ni wọ́n ń tà á káàkiri ìlú wa, àwọn mìíràn sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú ilé. Oru epo bẹntiróòlù kì í dúró lójú kan, ilẹ̀ ló máa ń rá gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá kejì. Ká tan àbẹ́là tàbí àtùpà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, ikú là ń pè. Tọ́ọ̀ṣì tí kò ní ahọ́n iná ló yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí nìkan, mo fẹ́ kí gbogbo ilé ní ọ̀kan tó ṣeé gbára lé.

Tọ́ọ̀ṣì kò ṣòro láti lóye. Ẹ tú ìdí rẹ̀, ẹ ó rí sípíríǹgì tó ń ti pílì síwájú kí orí pílì lè kan irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn gílóòbù. Agbára iná á gba ara irin yẹn wọ inú gílóòbù, á gba súìṣì kọjá, á padà sí òdìkejì pílì. Bí ọ̀nà yìí bá pé, ìmọ́lẹ̀ á tàn. Bó bá já níbikíbi, kò sí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí tọ́ọ̀ṣì kan kì í tàn àfi tí a bá gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Kì í ṣe pílì ni gbígbá yẹn ń jí. Ibi tí irin ti ń kan irin ló ti dípẹtà, gbígbá náà ló jẹ́ kí wọ́n tún fara kanra. Ní Cadjèhoun, òkun ò jìnnà sí wa, atẹ́gùn rẹ̀ sì ń gbé iyọ̀ wọ inú ilé. Irin á tètè dípẹtà níbí ju ní Parakou lọ. Bí tọ́ọ̀ṣì yín bá ti di èyí tí ẹ ń gbá kó tó tàn, ẹ mú sáńpépà díẹ̀, ẹ fi ha orí sípíríǹgì àti irin iwájú títí wọn yóò fi dán. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì tí a ti jù nù, ohun tó nílò kò ju ìyẹn lọ.

Ó wá ku pílì fúnra rẹ̀. Ní Cotonou, pílì là ń pe èyí tí à ń lò kú tí à ń dà nù, bátìrì sì ni èyí tí à ń ṣáàjì. Bí mo ṣe máa lo ọ̀rọ̀ méjèèjì nìyẹn. Ẹ mú R20, pílì ńlá tí rédíò àwọn bàbá wa ń lò. Bí ẹ bá bó bébà ara rẹ̀ kúrò, agolo síńkì lẹ ó bá, agolo yẹn gan-an sì ni ìdí pílì. Ọ̀pá èédú kan dúró sí àárín rẹ̀. Ibi tí ọ̀pá náà ti yọ sókè, tí wọ́n fi irin dé, ni orí pílì. Ìyẹ̀fun dúdú tí wọ́n fi manganese àti èédú pò, tó rin fún omi oníyọ̀, ló kún àárín méjèèjì. Carl Gassner, ará Jámánì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú pílì gbígbẹ báyìí ní 1886, bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ kò tíì yí padà púpọ̀. Bí iná bá ṣe ń jáde ni síńkì ń jẹ. Ẹ fiyè sí i dáadáa: agolo tó gbé gbogbo nǹkan ró ni iná ń jẹ láti inú. Bó bá jẹ ẹ́ dé ibi tó lu, omi inú rẹ̀ á jò sínú tọ́ọ̀ṣì, á sì ba sípíríǹgì jẹ́. Pílì tó kú tí a gbàgbé sínú tọ́ọ̀ṣì ti ba tọ́ọ̀ṣì jẹ́ ju ìṣubú lọ.

Pílì álíkáláìnì yàtọ̀. Síńkì tirẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi sí àárín, agolo irin ló sì wà níta, nítorí náà agolo kì í jẹ. Òun náà lè jò bí a bá fi sílẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tó ti kú, àmọ́ agbára tó ń gbé pọ̀ gan-an. Báwo lẹ ó ṣe mọ ìyàtọ̀ lórí tábìlì olùtajà, nígbà tí àwọ̀ wúrà àti àwòrán mọ̀nàmọ́ná wà lára gbogbo wọn? Ẹ yí pílì náà po, ẹ wá lẹ́tà kéékèèké tó wà nítòsí ìdí rẹ̀. R20 ni ńlá, R14 tẹ̀lé e, R6 ni èyí tó tó ìka ọwọ́, R03 ni tẹ́ẹ́rẹ́ tí rìmóòtù ń lò. Bí lẹ́tà L bá wà níwájú R, bíi LR6 tàbí LR03, álíkáláìnì ni. Bí R bá dá wà, síńkì àti èédú ni, kódà bí wọ́n bá kọ "Super" tàbí "Heavy Duty" gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Nínú tọ́ọ̀ṣì, LR6 tó dára máa ń pẹ́ ju ìlọ́po méjì R6 lọ. Bí owó rẹ̀ ò bá tó ìlọ́po méjì, ẹ ra LR6 láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà kan ṣoṣo yìí á dá owó padà sápò yín ju ìdúnàádúrà lọ.

Tọ́ọ̀ṣì onípílì ti pẹ́ láyé. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1899 ni wọ́n fún David Misell ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ọ̀pá róbótó tí pílì tò sínú rẹ̀, tí gílóòbù wà níwájú. Ìrísí yẹn náà ló wà lórí tábìlì ní Cadjèhoun lónìí. Ohun tó yí padà ni gílóòbù. Èyí àtijọ́ ní okùn irin tín-ín-rín tí iná ń mú gbóná títí yóò fi pọ́n tí yóò fi tàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú agbára pílì ló ń bá ooru lọ. Bí ẹ bá ṣì rí ọ̀kan, wọ́n á ti tẹ 2.5V 0.3A sára irin ìdí rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń jẹ milliampere 300. LED kékeré kan, irú èyí tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì òde òní, ń jẹ 20 péré. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 nítorí pé wọ́n ṣe LED tó ń tàn búlúù, láti ara rẹ̀ sì ni funfun ti jáde. Ẹ wo ojú LED tọ́ọ̀ṣì yín nígbà tí ẹ bá pa á: ẹ ó rí àmì ìyeyè kan. Búlúù ló ń tàn lábẹ́, ìyeyè yẹn gba díẹ̀ nínú rẹ̀, ó pa á dà, ojú wa sì rí àpapọ̀ wọn bíi funfun.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí la dé báyìí, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. LED funfun nílò bíi volt 3 kó tó tàn dáadáa. Pílì tuntun kan ní volt 1.5, bí a bá sì ṣe ń lò ó ló ń sọ̀ kalẹ̀: 1.4, 1.3, 1.2, títí dé bíi 0.9 tí a ó fi sọ pé ó ti tán. Tọ́ọ̀ṣì onípílì méjì bẹ̀rẹ̀ láti 3, ó kàn tó ni. Nígbà tí pílì kọ̀ọ̀kan bá dé 1.3, àpapọ̀ wọn ti di 2.6, ìmọ́lẹ̀ á ti rẹ̀ pátápátá, ẹ ó sì ju pílì nù pẹ̀lú agbára tó ṣì kún inú rẹ̀. Àfi bí tọ́ọ̀ṣì náà bá ní ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé volt sókè. Àwọn tó dára ní in, àwọn tó pọ̀ kò ní. Onípílì mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ láti 4.5. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá bọ́ sí 1.0, volt 3 ṣì wà, LED ṣì ń tàn. Ó ń fa pílì dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn onípílì mẹ́ta fún ilé tó ń ṣọ́ owó ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì-méjì tàbí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń di pílì tà.

Ẹ má ka LED gẹ́gẹ́ bí ẹni ń ka ìbùkún. Tọ́ọ̀ṣì kúkúrú kan wọ́pọ̀ tó ní LED 9 níwájú, tó ń lo R03 mẹ́ta. LED 9 tó ń jẹ milliampere 20 lọ́kọ̀ọ̀kan ń jẹ 180 lápapọ̀. LR03 tó dára ń gbé nǹkan bí 1,000 mAh, ìyẹn milliampere 1,000 fún wákàtí kan, nítorí náà wákàtí 5 sí 6 ni gbogbo ẹ̀. Irú tọ́ọ̀ṣì kan náà tó ní LED 3 á lo wákàtí 16. Bí ó bá sì jẹ́ LR6 mẹ́ta ló gbé LED kan ṣoṣo, pílì tó ń gbé 2,000 mAh á tàn fún nǹkan bí 100 wákàtí. Ìyẹn wákàtí 4 lálẹ́, fún alẹ́ 25. Ìmọ́lẹ̀ LED kan kéré, àmọ́ ó tó láti dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, láti wá oògùn ọmọ, láti ka ohun tó wà lára ìgò. Bí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí àjà funfun, ìmọ́lẹ̀ á tú ká gbogbo yàrá.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tí à ń kì bọ iná ògiri. Mo ti tú ọ̀kan lára àwọn tó rọ̀ jọjọ wò. Bátìrì òjé onígun mẹ́rin kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kọ 4V sí, pẹ̀lú wáyà méjì tó tín-ín-rín àti pátákó kékeré tí kápásítọ̀ kan jókòó lé. Kápásítọ̀ yẹn nìkan ló ń dín iná volt 220 kù. Kò sí ohun mìíràn tó ya iná ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó kù nínú tọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, bí ike ara rẹ̀ bá ti la, ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tó bá ń ṣáàjì, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Ohun kejì ni pé bátìrì òjé kò gbọdọ̀ ṣófo pẹ́. Bí ẹ bá lò ó dé òpin, tí ẹ wá fi sórí àpótí fún oṣù méjì, iyọ̀ òjé á le mọ́ ara irin inú rẹ̀, kò ní gba iná mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń ṣe: wọ́n ń rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá lọ nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ ra á, kó máa ṣáàjì rẹ̀ lóṣooṣù, yálà ó lò ó tàbí kò lò ó.

Èyí tó ń lo bátìrì líthíọ̀mù sàn jù ú lọ fíìfíì, pàápàá àwọn tí ihò ìṣáàjì wọn bá ti fóònù mu. Wọ́n ń pe bátìrì tó wọ́pọ̀ nínú wọn ní 18650, nítorí pé ó fẹ̀ ní mílímítà 18, ó sì gùn ní 65. Bí ẹ bá rí 9,900 mAh tí wọ́n kọ sára rẹ̀, irọ́ ni. Àwọn tó jẹ́ ojúlówó tó wọ́pọ̀ kì í ju bíi 3,500 lọ, àwọn tó ga jù lọ sì ń sún mọ́ 4,000. Ẹni tó purọ́ sára bátìrì kò ní sòótọ́ nípa ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ìwádìí kan ti ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2010, Jennifer Tracy, Arne Jacobson àti Evan Mills tẹ àbájáde jáde lórí tọ́ọ̀ṣì LED olówó pọ́ọ́kú ní Kẹ́ńyà. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó ń lò ó fún oṣù mẹ́fà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn náà sì bá ìṣòro pàdé láàárín àkókò yẹn. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀: ìyá tó fi owó ọjà rẹ̀ ra ìmọ́lẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ò wá pé oṣù mẹ́fà. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, á ní LED kò dára, á padà sídìí àtùpà elépo.

Nínú ilé, ohun mẹ́ta ni mo máa ń tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́, ẹ má da pílì tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ gbé ìtì igi, tí okun ọ̀kan tán, àwọn méjì tó kù ń gbé igi, wọ́n tún ń wọ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni pílì tuntun ṣe ń ti iná gba inú èyí tó ti kú kọjá ní tipátipá, títí òkú náà á fi jò. Ẹ pàrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì, tọ́ọ̀ṣì tí ẹ gbé kalẹ̀ de ìgbà tí iná bá lọ, ẹ fi bébà kékeré sí àárín orí pílì àti irin iwájú, kí ó má baà ṣèèṣì tàn nínú àpótí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀, ẹ fà á yọ. Ẹ̀kẹta, bí álíkáláìnì bá jò, ìdọ̀tí funfun ló máa ń hù. Ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún, ẹ fi òwú gbígbẹ tẹ̀ lé e, ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ má fi kan ojú.

Ó ku ti ẹ̀bùn. Tọ́ọ̀ṣì jẹ́ ẹ̀bùn gidi, kò wọ́n, kò sì sí ilé tí kò ti wúlò. Àmọ́ ẹni tí à ń fún ni ká máa rò, ká má rò bí yóò ṣe dán tó nínú àpò. Ìyá ìyàwó yín tó wà ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ, onípílì R20 tàbí R6 ló yẹ Màmá, nítorí òun ni ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wọn ń tà. Ẹ yan èyí tí súìṣì rẹ̀ tóbi, tí ìka tó ti ń ro lè tì láìwá a nínú òkùnkùn, kí ó sì jẹ́ pé títẹ̀ kan á tàn án, títẹ̀ kejì á pa á. Àwọn tó ń ṣẹ́jú, tó ń pọ́n, tó ní oríṣi ìmọ́lẹ̀ márùn-ún, wàhálà ni wọ́n máa kó bá àgbàlagbà. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín àti ọlọ́kadà zémidjan tí táyà rẹ̀ lè jò lóru, èyí tí à ń so mọ́ orí ló yẹ wọ́n, kí ọwọ́ wọn méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ wá àmì IPX4 lára rẹ̀, ìyẹn ni pé omi òjò tó ń ta sí i kò ní bà á jẹ́.

Fún ọmọdé, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Àwọn tọ́ọ̀ṣì kéékèèké tó ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ sábà máa ń lo pílì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì, irú CR2032 tó fẹ̀ ní mílímítà 20. Bí ọmọ bá gbé e mì tó há sí i lọ́fun, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná inú rẹ̀ kò tó tan gílóòbù mọ́. Ẹ má ra irú rẹ̀ fún ilé tí ọmọ kékeré wà, àfi bí ó bá ní ìṣó tó dé ìdí rẹ̀ pinpin. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró wò ó.

Pílì tó kú ńkọ́? Gunther Bensch, Jörg Peters àti Maximiliane Sievert kọ̀wé ní 2017 nípa bí àwọn ará abúlé ní Áfíríkà ti fúnra wọn fi àtùpà elépo sílẹ̀ gba LED onípílì, láìsí ìjọba tàbí àjọ kankan tó tì wọ́n. Nínú ìwé yẹn kan náà ni wọ́n ti kìlọ̀ nípa pílì tí à ń dà sí inú ṣálángá àti sínú oko. Ẹ má jó o nínú ààrò, ẹ má sì dà á sí ẹ̀bá kànga. Ẹ máa kó o jọ sínú ike kan tó ní ìdérí, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ti ní tó o. Bí pílì tí ẹ̀ ń jù nù bá sì ti ń pọ̀, ẹ ṣírò rẹ̀: bí pílì méjì bá jẹ́ 300 sẹ́fà, tí ẹ sì ń rà á lóṣooṣù, 3,600 ni lọ́dún kan. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, bátìrì líthíọ̀mù ló kàn.

Nígbà tí ẹ bá tún dúró nídìí tábìlì yẹn, ẹ ní kí wọ́n tú ìdí tọ́ọ̀ṣì lójú yín. Ẹ ka iye pílì rẹ̀, ẹ ka lẹ́tà tó wà lára wọn, ẹ fi ìka tẹ sípíríǹgì kí ẹ mọ̀ bó bá le, ẹ tàn án pa á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Olùtajà tó mọ ọjà rẹ̀ kò ní bínú. Èyí tó bá ní kí ẹ má tú u, ẹ kí i, kí ẹ sì bọ́ sí tábìlì tó tẹ̀ lé e.